Ẹ Má Kàn Sáré Ya AlUla: Bí Mo Ṣe Máa Ṣe É Tí N Bá Tún Lọ

Èèyàn wa tó bá lọ ṣe Úmúrà, ohun kan náà ni gbogbo wa máa ń ṣe ní Mẹ̀dínà. A ó kírun ní Mọ́sáláṣí Ànọ́bì, a ó lọ sí Kùbáà, a ó dé Òkè Ùhúdù, a ó ra dàbínù Ajwa, a ó ra jàlàbíà àti tẹ̀sùbáà tá a máa pín nílé, ó parí, ó di ẹ́pọ́ọ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ìlú àtijọ́ kan wà lápá àríwá Mẹ̀dínà níbẹ̀, nínú aṣálẹ̀ gan-an, ó lé díẹ̀ ní 300 kìlómítà, AlUla lorúkọ ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti débẹ̀. Ti àkọ́kọ́, mo fowó ṣòfò. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, èmi àti màmá mi la jọ lọ, ìyẹn ló dùn, òun náà ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé fún yín.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ṣìṣe. Àwa mẹ́fà la dáwó jọ nígbà yẹn, a bá ẹnì kan tó ní mọ́tò sọ ọ́, ó ní òun máa gbé wa lọ láàárọ̀ òun á sì gbé wa padà lálẹ́, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. A rìn fún bíi wákàtí mẹ́rin, oòrùn ti mú ká tó débẹ̀, a wá dé ọ̀nà Hegra, ìlú àtijọ́ tó ní sàréè tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta, tí gbogbo ayé ń gbé fọ́tò ẹ̀ kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì yín dà. Tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀? A bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wa. Àṣé kò sẹ́ni tó ń wọ Hegra láìjẹ́ pé ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, bọ́ọ̀sì tiwọn ló sì ń gbé èèyàn káàkiri inú ẹ̀, ẹ ò lè kàn wa mọ́tò yín wọlé báyẹn. A bá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta kan lẹ́bàá títì, a jẹ ṣàwámà, a padà. Wákàtí mẹ́jọ nínú mọ́tò, nítorí ṣàwámà.

Torí náà, ohun àkọ́kọ́ nìyí: ẹ sun oorun méjì níbẹ̀, ó kéré tán. Èkejì, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì yín lórí ojú-ìwé Experience AlUla kí ẹ tó kúrò ní Mẹ̀dínà, kódà kí ẹ tó kúrò nílé, pàápàá tó bá jẹ́ oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, torí ìgbà yẹn ni èrò máa ń pọ̀ jù. Mi ò ní sọ iye tó jẹ́ torí owó ẹ̀ ń yí padà, ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ sì rántí pé Rọ́dà náà, ibi ìkírun pàtàkì inú Mọ́sáláṣí Ànọ́bì, àyè rẹ̀ lórí ááp Nusuk lẹ ti máa gbà á, ọjọ́ àti wákàtí ló máa ń ní. Mo mọ ẹnì kan tó sanwó hòtẹ́ẹ̀lì ní AlUla tán kó tó rí i pé ọjọ́ yẹn gan-an ni Rọ́dà bọ́ sí fún òun. Ẹ kọ́kọ́ mọ ọjọ́ Rọ́dà yín, kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́ AlUla.

Ọ̀rọ̀ físà ńkọ́? Láyé àtijọ́, ẹni tó bá gba físà Úmúrà, kò gbọ́dọ̀ kọjá Mẹ́kà, Mẹ̀dínà àti Jẹ́dà. Láti 2022 ni wọ́n ti là á sílẹ̀ pé ẹni tó ní físà Úmúrà lè dé gbogbo ìlú tó bá wù ú ní Saudi. Físà Háájì ni kò rí bẹ́ẹ̀ o, ìyẹn ṣì ní ààlà, ẹ má lọ fi ti Háájì dán an wò. Tó bá sì jẹ́ pé ẹgbẹ́ lẹ bá lọ, ẹ sọ fún ẹni tó ń kó yín lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí lọ́wọ́ ẹlòmíì, pásípọ́ọ̀tù gbogbo èrò ló máa ń wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pásípọ́ọ̀tù ìlú ọba tàbí ti Amẹ́ríkà, físà arìnrìn-àjò orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà fún yín láti 2019. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí náà lè lọ sí AlUla fàlàlà, ó ní ẹ́pọ́ọ̀tì tiẹ̀, báálù ń bọ̀ níbẹ̀ láti Ríyáàdì àti Jẹ́dà.

Àwa gba mọ́tò rẹ́ǹtì ní Mẹ̀dínà, àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Saudi ló wà á. Títì dáa, ó gùn, ó ń sunni lójú. Ẹ kún epo yín dáadáa kẹ́ ẹ tó kúrò nígboro torí ilé epo kì í sún mọ́ra wọn lójú ọ̀nà yẹn, kámẹ́rà tó ń mú asáré wà kiri, ìtanràn ẹ̀ kì í ṣe ṣeréṣeré. Èyí tó léwu jù ni ràkúnmí. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa rí i tó dúró sáàárín títì, kò ní í yẹra fún yín, ẹ̀yin lẹ máa yẹra fún un. Torí ẹ̀ mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni wakọ̀ lọ́nà yẹn lóru. Àwọn ẹrù ńlá yín, ẹ fi sílẹ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Mẹ̀dínà, báàgì kékeré kan tó fún oorun méjì.

Nípa aṣọ, oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹta ni kẹ́ ẹ lọ. Àárín ọdún, oòrùn ibẹ̀ máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n, àpáta ibẹ̀ á wá dà bí ìdí ààrò. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sán tàn yín jẹ. Màmá mi ní ọyẹ́ Ìlọrin làwọn mọ̀, àwọn ò mú jákẹ́ẹ̀tì, ká tó kírun Ìṣáì tán wọ́n ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì hòtẹ́ẹ̀lì yí ara. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì, yanrìn máa wọ̀ ọ́. Omi, ìpara ètè, páwà báńkì, ó tán.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ ìlú. Gbogbo èèyàn ló máa ń sáré lọ sí Hegra, èmi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sí ìgboro àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Old Town, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé Hegra, ilé òkú ni. Ìgboro àtijọ́ yìí, ilé alààyè ni, èèyàn gbé ibẹ̀ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 1980 sí díẹ̀ ni àwọn tó kẹ́yìn tó kó jáde lọ sí ilé ìgbàlódé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ìyẹn ni pé àgbàlagbà tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ tó ń ta tíì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i.

Ilé tó wà níbẹ̀ tó bíi 900, wọ́n fara ti ara wọn débi pé ẹ̀yìn àwọn tó wà létí gan-an ló di odi ìlú. Ìsàlẹ̀ ilé jẹ́ òkúta, òkè jẹ́ bíríkì alámọ̀, òrùlé jẹ́ ìtì igi ọ̀pẹ dàbínù tí wọ́n tò, tí wọ́n wá tẹ́ imọ̀ ẹ̀ lé lórí, tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Ibì kan wà tí yàrá ilé gba orí ọ̀nà kọjá láti apá kan dé apá kejì, ẹ̀yin á máa rìn lábẹ́ ẹ̀ nínú òkùnkùn tútù, oòrùn á wà lọ́hùn-ún kò lè rí yín mú. Màmá mi dúró síbì kan tí ògiri ti ya díẹ̀, wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka wọn tọ́ ibi tí koríko gbígbẹ ti yọ jáde lára amọ̀, wọ́n ní, "Ìwọ wò ó, koríko ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ilé bàbá mi náà, koríko la pò mọ́ ọn." Wọ́n dákẹ́ síbẹ̀ títí. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé wọ́n ní ká má fọwọ́ kan ògiri, mi ò lè sọ ọ́. (Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ má fọwọ́ kàn án o, ẹ má sì gùn ún, amọ̀ ni, ó ń ya lulẹ̀.)

Bẹ́ ẹ bá ń rìn, ẹ máa wo àwọn òkúta ìsàlẹ̀ ilé yẹn dáadáa. Ẹ máa rí èyí tí wọ́n ti gbẹ́ nǹkan sí lára tẹ́lẹ̀, torí nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń lọ kó òkúta lára àwókù ìlú Dadan tó wà nítòsí, tó ti dàgbà jù wọ́n lọ ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan àti ààbọ̀. Ìlú ń jẹ ìlú.

Ẹ béèrè fún Tantora. Aago oòrùn ni, ó rí ṣóńṣó bí ilé ikán, ó wà ní gbàgede ìlú. Kò ní ọwọ́, kò ní bátìrì. Òkúta kan wà nílẹ̀ níwájú ẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni òjìji ẹ̀ máa ń gùn dé orí òkúta yẹn, ọjọ́ yẹn làwọn àgbẹ̀ ìlú mọ̀ pé ìgbà òtútù ti wọlé, kí wọ́n lọ gbin nǹkan. Orúkọ yìí ni wọ́n mú fún àjọ̀dún ńlá tí wọ́n ń ṣe nígbà òtútù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Bí orúnkún yín bá gbé e, ẹ gun àtẹ̀gùn lọ sórí òkè tó wà láàárín ìlú, ibi odi ológun tí wọ́n fi orúkọ Musa ibn Nusayr pè, ìyẹn olórí ogun tó rán Tariq, ọ̀gágun abẹ́ ẹ̀, kọjá sí Spain ní 711. Lókè yẹn lẹ máa rí ọgbà ọ̀pẹ dàbínù tó nà lọ bíi odò àwọ̀ ewé láàárín àpáta pupa méjì, ẹ̀ẹ́ wá mọ ìdí tí ìlú fi wà níbẹ̀ rárá. Omi ni. Omi wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ibi tí omi bá wà nínú aṣálẹ̀, ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ dúró.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn nípa ibẹ̀. Ibn Battuta, ará Mòrókò tó rin ayé já, gba ibẹ̀ kọjá ní 1326, òun àti àwọn tó ń bọ̀ láti Dàmásíkù lọ sí Háájì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn arìnrìn-àjò máa ń sun oorun mẹ́rin ní AlUla, wọ́n á ra oúnjẹ, wọ́n á fọ aṣọ, wọ́n á wá kó ẹrù tó bá pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn fún àwọn ará ìlú kí wọ́n bá wọn tọ́jú ẹ̀, ìwọ̀nba tí wọ́n nílò nìkan ni wọ́n á gbé lọ. Ó ní olóòótọ́ làwọn ará ibẹ̀. Mo sọ èyí fún màmá mi, àwọn tó jẹ́ pé a ti jà lórí kílò ẹrù ní Mẹ̀dínà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní kí n lọ béèrè bóyá wọ́n ṣì ń gba ẹrù.

Ó wá ku Hegra, èyí gba àlàyé. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí ẹ mọ̀ ọ́n, òun ni Hijr, Súrà 15 nínú Àlùkùránì gba orúkọ ẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní Madá'in Ṣọ́lìhù, ọ̀rọ̀ àwọn Thamud tí wọ́n pa ràkúnmí Ànọ́bì Ṣọ́lìhù. Hadíìsì sì wà nínú Bukhari pé nígbà tí Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) àtàwọn èèyàn ẹ̀ gba Hijr kọjá lọ́nà Tabuk, ó ní kí wọ́n má wọ ibùgbé àwọn tó ṣàbòsí yẹn àfi tí wọ́n bá ń sunkún, ó sì ní kí wọ́n má mu omi kànga ibẹ̀, èyí tí wọ́n ti fi po ìyẹ̀fun kí wọ́n kó o fún ràkúnmí jẹ. Torí èyí, àwọn àfáà kan ní kéèyàn má lọ rárá, àwọn kan ní kéèyàn lọ pẹ̀lú ìrònú, kó má sọ ọ́ di ibi ṣeré. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní tiwọn ní àwọn ojú àpáta gbígbẹ́ tá à ń rí yẹn, sàréè àwọn Nabatea ni, ìyẹn ẹ̀yà Lárúbáwá àtijọ́ kan, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kan ṣáájú Ànọ́bì Ísà àti ọgọ́rùn-ún ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n kọ orúkọ àwọn olówó rẹ̀ sí i lára. Èmi ò ní bá yín dá ẹjọ́ yẹn. Màmá mi pe àfáà wọn nílé, wọ́n sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lọ. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan ṣòfò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àfáà yín kẹ́ ẹ tó sanwó, mo bẹ̀ yín.

Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ mú ti àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ti ìrọ̀lẹ́. Wọ́n máa ń fi ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní ráwì sọ́dọ̀ yín, ìyẹn apìtàn, ọ̀pọ̀ wọn ọmọ ìlú ni, ẹ gbọ́ tiwọn, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn Nabatea yìí náà ló ni Petra ní Jordan, Hegra ni ìlú wọn tó tóbi tẹ̀ lé e, tùràrí àti òjíá tó ń bọ̀ láti Yemen ló sọ wọ́n di olówó, títí Róòmù fi gba ìlú lọ́wọ́ wọn ní 106. Sàréè ńlá tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta níbẹ̀ jẹ́ 111, nínú ẹ̀, 94 ló ní ọnà lójú. Ní 2008 UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá ayé, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Saudi.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò nìyí. Òkè ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ sàréè yẹn, pátákó kan wà tí wọ́n gbẹ́ mọ́ àpáta, ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀. Ẹ ní kí ráwì kà á fún yín. Ẹ máa gbọ́ orúkọ ẹni tó ni sàréè, àwọn ọmọ tí wọ́n lè sin síbẹ̀, ọdún tí ọba ọjọ́ náà ti lò lórí oyè, wọ́n á wá ní kò gbọ́dọ̀ sẹ́ni tó máa tà á, kò sẹ́ni tó máa fi dúró gba owó, ẹni tó bá sì sin òkú ìta síbẹ̀, ègún òrìṣà Dushara á jà á, á tún san owó ìtanràn. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, nínú aṣálẹ̀, "ilé yìí kì í ṣe títà" ni wọ́n kọ sára ògiri! Obìnrin pọ̀ lára àwọn tó ni sàréè níbẹ̀ o. Ọ̀kan ń jẹ́ Hinat ọmọ Wahbu, wọ́n tiẹ̀ ti fi egungun inú sàréè yẹn ṣe ojú ẹnì kan jáde, wọ́n gbé e síta ní Hegra ní 2023.

Qasr al-Farid ni gbogbo èèyàn ń ya ní fọ́tò, àpáta kan ṣoṣo tó dá dúró, ó ga tó 22 mítà. Ẹ má dúró sọ́ọ̀ọ́kán nìkan. Ẹ sún mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀. Lókè, ó dán bí igbá tí wọ́n fín, bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀ ojú ẹ̀ á máa le sí i, nísàlẹ̀ pátápátá, ojú irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ ṣì hàn ketekete, wọn ò parí ẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé láti òkè ni wọ́n ti máa ń gbẹ́ ẹ wá sílẹ̀. Ohun tó dá wọn dúró, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí Dadan àti Jabal Ikmah, wọ́n sún mọ́ra wọn. Dadan ni olú ìlú ọba àwọn Dadan àti àwọn Lihyan kó tó kan àwọn Nabatea, ẹ gbé ojú sókè nínú àpáta pupa yẹn, ní bí 50 mítà sókè, ẹ máa rí sàréè tí wọ́n gbẹ́ kìnnìún sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ikmah ni mo fẹ́ràn jù nínú méjèèjì, àfonífojì tóóró kan tí ara àpáta ẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ọ̀rọ̀ ẹbọ, ọ̀rọ̀ àdúrà, orúkọ ẹni tó kàn ń kọjá. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé Ìrántí Ayé ní 2023. Ẹ má lọ gbẹ́ tiyín kún un o. Ibí yìí màmá mi lọ, wọ́n jókòó sínú ibòòji, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà tí wọn ò lè kà nínú afẹ́fẹ́.

Àwọn tó kù, ẹ fojú kàn wọ́n. Àpáta Erin, ó ga tó 52 mítà, ó jọ erin lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lọ nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ẹ mu kọfí níbẹ̀. Maraya, ilé tí gbogbo ara ẹ̀ jẹ́ dígí, ó dáa fún fọ́tò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú tèmi. Ibùdó rélùwéè Hijáásì wà ní Hegra, ọ̀nà irin tí àwọn Ottoman ṣe láti Dàmásíkù, tó dé Mẹ̀dínà ní 1908.

Dàbínù ibẹ̀ tó lórúkọ ni Barni. Ó gùn díẹ̀ ju Ajwa lọ, kò dùn jù, ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó rà á, àwọn tó ń tà á ò ní bínú. Òróró mòríńgà náà wà, èso mòríńgà tiwọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, wọ́n fi ń ṣe ìpara. Oúnjẹ tiẹ̀ ò ní da yín láàmú, kàbúsà ni, ìrẹsì àti ẹran, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ata, wọ́n á rò pé ẹ ń ṣe àwàdà.

Ẹ kúrò níbẹ̀ ní kété tẹ́ ẹ bá kírun Àílà tán, tàbí kí ẹ ti máa lọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, torí ràkúnmí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwa kúrò ní aago mẹ́wàá. Kílò dàbínù márùn-ún ló wà lórí ẹsẹ̀ màmá mi nínú mọ́tò, wọ́n ní èyí kì í ṣe ẹrù, ohun jíjẹ ọ̀nà ni.